Orúnkún àti Ìgbáròkó Tí Wọ́n Ń Pààrọ̀: Àwọn Tó Máa Nílò Rẹ̀ Ń Pọ̀ Sí I, Àwa Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìṣọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn wá sọ́jà ni.

Kò sí ìlà ìṣọ̀ tí èèyàn máa gbà kọjá láàárọ̀ tí kò ní gbọ́ "orúnkún mi o" tàbí "ìgbáròkó ń ro mí." Òmíràn á ti fi òróró pa á, òmíràn á ti fi aṣọ dì í, òmíràn ò ní lè dìde lórí àpótí láì di nǹkan mú. Tí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Lóòótọ́, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Iṣẹ́ abẹ kan wà tí àwọn dókítà fi ń pààrọ̀ oríkèé tó ti jẹ, káàkiri àgbáyé ni àwọn onímọ̀ sì ti ń sọ pé àwọn tí yóò nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ń pọ̀ sí i. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: ta ni wọ́n ń kà mọ́ iye yẹn? Ṣé àwa obìnrin ọjà wà níbẹ̀? Kí la sì lè ṣe kó tó kàn wá?

KÍ NI WỌ́N Ń PÀÀRỌ̀ GAN-AN?

Bí ẹ bá ń jẹ itan adìyẹ, ẹ máa rí nǹkan funfun kan tó ń dán, tó sì ń yọ̀, lórí egungun níbi tó ti pàdé èkejì. Kérékeré là ń pè é. Irú rẹ̀ wà ní orúnkún àti ìgbáròkó èèyàn, òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀, oríkèé á máa ro, á máa wú, á le gbagidi láàárọ̀, á sì máa dún bí a bá ń dìde. Aromọléegun ni, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní làkúrègbé. Tí kérékeré bá ti jẹ tán, kò sí òróró tàbí àgbo tó lè dá a padà.

Tó bá ti wá burú débi pé èèyàn ò lè sùn lóru, tí kò lè rìn dé ìta, tí oògùn ò sì ràn án mọ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ti ń wọlé. Ẹ má gbà á gbọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní ńṣe ni wọ́n máa ń gé ẹsẹ̀ sọnù. Ní orúnkún, dókítà á fá orí egungun tó ti bàjẹ́ kúrò, á fi irin bò ó, á sì fi ike líle kan sáàárín kí irin má baà máa ha irin. Ti ìgbáròkó yàtọ̀ díẹ̀. Orí egungun itan rí roboto bí orí ọmọ odó, inú ihò tirẹ̀ ló sì ti ń yí. Dókítà á yọ orí tó ti bàjẹ́ yẹn, á fi èyí tí wọ́n ṣe sípò rẹ̀, á sì fi nǹkan tó ń yọ̀ tẹ́ inú ihò náà.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1890, dókítà kan ní Berlin, Themistocles Gluck, fi eyín erin ṣe oríkèé fún àwọn aláìsàn rẹ̀, àmọ́ kò bá wọn kalẹ́. Ẹni tó jẹ́ kí ti ìgbáròkó yanjú ni John Charnley, ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Teflon ló kọ́kọ́ fi tẹ́ inú ihò náà, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń bo páànù dídín kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tó fi jẹ. Ní November 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ike mìíràn tó le ju ìyẹn lọ. Èyí ló ṣiṣẹ́, títí dòní sì ni wọ́n ṣì ń lo irú ike bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti túbọ̀ sọ di líle.

BÁWO NI WỌ́N ṢE Ń MỌ IYE TÓ Ń BỌ̀?

Ìyá aláta tó ń múra ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì kì í déédéé lọ kó ọjà. Á wo iye apẹ̀rẹ̀ tó tà lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, á wá fi díẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan kó iye iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe láti 1990 sí 2003 jọ. Ní 2007, wọ́n gbé e jáde pé tó bá fi máa di 2030, orúnkún tí wọ́n á máa pààrọ̀ lọ́dún kan ní orílẹ̀-èdè wọn nìkan á tó 3,480,000, ìgbáròkó á sì tó 572,000. Ní 2018, àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì lo iye tó dé 2014. Àwọn ní ti orúnkún á jẹ́ nǹkan bí 1,260,000, ti ìgbáròkó á sì jẹ́ 635,000.

Ẹ wo bí ti orúnkún ṣe yàtọ̀ síra tó! Àwọn àkọ́kọ́ rí i pé iye náà ń sáré gòkè ní àwọn ọdún yẹn, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ bíi pé bó ṣe máa sáré lọ nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí tòmátò bá tà wàràwàrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí èèyàn wá lọ kó ẹ̀kún ọkọ̀ nítorí pé ó rò pé bẹ́ẹ̀ lá máa rí títí ọdún á fi parí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe máa ń parí: tòmátò á rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó sọ pé iye náà máa wálẹ̀ nínú ìṣirò méjèèjì. Ní 2014, nǹkan bí 680,000 orúnkún ni wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ìṣirò tó kéré jù pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn.

KÍ LÓ Ń GBÉ IYE NÁÀ GÒKÈ?

Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀mí èèyàn ti ń gùn sí i. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé àwọn tó ti pé ẹni 60 ọdún sókè jẹ́ bílíọ̀nù kan lágbàáyé ní 2020, wọ́n á sì lé ní bílíọ̀nù méjì ní 2050. Ẹsẹ̀ tí à bá lò fún 50 ọdún, a ti ń lò ó fún 80.

Èkejì ni pé ara wa ti ń sanra sí i, orúnkún ló sì ń gbé e. Ẹ̀kẹta ni ìfarapa: ẹni tí ọ̀kadà gbá ní 25 ọdún, tí wọ́n tò ó tí kò tọ́, oríkèé yẹn lè jẹ kó tó pé 50. Ẹ̀kẹrin kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: àrùn yìí ń bá obìnrin jà ju ọkùnrin lọ. Nínú 100 èèyàn tó ní in, nǹkan bí 60 ló jẹ́ obìnrin. Gbogbo àwọn tó ní in lágbàáyé ní 2020 jẹ́ 595 mílíọ̀nù, ìṣirò sì fi hàn pé wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan ní 2050.

Ẹ̀karùn-ún ni pé èyí tí wọ́n fi rọ́pò náà máa ń gbó. Àwọn onímọ̀ tó tọpa rẹ̀ sọ ní 2019 pé nínú orúnkún 100 tí wọ́n pààrọ̀, nǹkan bí 82 ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn 25 ọdún. Ti ìgbáròkó jẹ́ nǹkan bí 58. Ìyẹn dára púpọ̀ fún ẹni 70 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é ní 40 ọdún lè tún padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, èkejì sì máa ń le ju àkọ́kọ́ lọ.

ẸNI TÓ NÍLÒ KÌ Í ṢE ẸNI TÓ RÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, a sì mọ̀ pé yóò yé ẹ̀yin ju àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Tí ẹran bá wu èèyàn, tó yọjú sí àwo ẹran, tó bi iye rẹ̀, tó sì kọjá lọ nítorí kò lówó, ṣé a máa ń kà á mọ́ oníbàárà? A kì í kà á. Àmọ́ ebi ò tìtorí ìyẹn má pa á.

Iye tí àwọn ara Amẹ́ríkà ń kà yẹn, iye àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún ni. Ẹni tó bá ti pé ọdún 65 níbẹ̀, ètò ìjọba ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló ń san án, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tó ń gbé London ṣe ń ṣe é láì san kọ́bọ̀, bí wọ́n bá ti lè ní sùúrù fún ìlà. Níbẹ̀, kí Kòrónà tó dé, orúnkún àti ìgbáròkó tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dún máa ń tó nǹkan bí 200,000. Ní 2020, ó já sí nǹkan bí ìdajì, torí pé àwọn ilé ìwòsàn dá iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ti kánjúkánjú dúró. Ṣé orúnkún àwọn èèyàn wá sàn lọ́dún yẹn ni? Rárá o. Ìlà ló gùn sí i.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn ṣe ní Ìgbó-Ọrà, tí wọ́n gbé jáde ní 2009, fi hàn pé nínú àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan nínú márùn-ún ló ní aromọléegun orúnkún tó ń ro ó. Kì í ṣe gbogbo wọn ló nílò iṣẹ́ abẹ, púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó nílò rẹ̀ pàápàá, apò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ti máa san án, ó sì ń wọ mílíọ̀nù náírà. Irin àti ike náà, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Kí ó tó di June 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ lọ́wọ́ ìjọba. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ̀yin tó ń ta ọjà òkè òkun mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa sì ń jápa. Àwọn tó lówó ń wọ bàálù lọ sí Íńdíà lọ ṣe é, àwọn tí kò ní ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ka iye tí Nàìjíríà máa nílò lọ́jọ́ iwájú, tó sì jẹ́ iye tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá ló wò, á rò pé díẹ̀ la jẹ́. Ẹni tí a kò kà, a kì í bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò ní kọ́ àwọn dókítà tó pọ̀ tó, wọn ò ní fi iṣẹ́ abẹ náà sínú ètò adójútòfò, wọn ò sì ní pèsè ibùsùn fún un. Ìdí tí a fi ní kí ẹgbẹ́ wa má dákẹ́ nìyẹn.

ÀWỌN Ọ̀DỌ́ WA NÁÀ WÀ NÍBẸ̀

Ní òkè òkun, ẹni tí ó kù díẹ̀ kó pé 70 ọdún ló sábà máa ń ṣe é. Ní tiwa, ẹ máa rí ọmọ 25 ọdún tí ìgbáròkó rẹ̀ ti bàjẹ́. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń fà á jù lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa dé orí egungun itan ló ń jẹ́ kí egungun náà kú, kó sì rún. Kì í ṣe SS nìkan ló ń ṣe, ó ń ṣe àwọn tó jẹ́ SC náà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ lágbàáyé. Tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tó ní abẹ́ itan ń dun òun, ẹ má ní ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ tètè gbé e lọ fún X-ray.

Ohun kejì tó ń pa orí egungun itan ni oògùn bíi dexamethasone àti prednisolone, tí èèyàn bá ń lò ó láìsí dókítà. Àwọn kan ń lò ó kí wọ́n lè sanra, àwọn kan ń lú u mọ́ àgbo tàbí mọ́ kóró oògùn tí wọ́n ń pè ní "oògùn làkúrègbé." Bí ẹ bá lo oògùn tí ìrora ọdún márùn-ún lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ojú yín sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú roboto, ẹ bẹ̀rù oògùn yẹn o.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍSINSÌNYÍ

Ẹ jẹ́ ká dín in kù kó tó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

1. Ẹ jẹ́ ká bọ́ ẹrù ara. Ìwádìí fi hàn pé kílò kan tí a bá dín lára, kílò mẹ́rin ló ń bọ́ lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dín kílò márùn-ún, 20 kílò ló sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì àpò ìrẹsì.

2. Ẹ fún iṣan itan lágbára. Lórí àga ní ìṣọ̀ yín, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ wá ṣe èkejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Iṣan tó lágbára ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Ẹni tó ń jókòó sórí àpótí kékeré, kó wá àga tó ga.

3. Ẹ má fi diclofenac, ibuprofen àti Feldene ṣe oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n ń dá egbò sí inú, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ní ìfúnpá gíga.

4. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, ẹ ya X-ray kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tò ó. Ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì nílùú Èkó. Láti 1945 ló ti wà níbẹ̀, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n tìtorí wọn dá a sílẹ̀. UCH ní Ìbàdàn náà ní àwọn dókítà egungun.

5. Ẹ jẹ́ ká wọ ètò adójútòfò ìlera lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́. Òfin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, bíi Ìlera Èkó. Kí á tó sanwó, ká béèrè pé: "Ṣé ó bo iṣẹ́ abẹ orúnkún àti ìgbáròkó? Tí kò bá bò ó, kí ló bò?" Ká gba ìdáhùn náà nínú ìwé. Bí kò bá tilẹ̀ bo iṣẹ́ abẹ, ó lè bo rírí dókítà nígbà tí àrùn ò tíì le. Ẹnìkan tó béèrè, wọ́n lè dá a lóhùn bó ṣe wù wọ́n; ọjà odindi tó béèrè, wọ́n á gbọ́.

6. Kí olúkúlùkù ìlà ìṣọ̀ ka àwọn tí orúnkún tàbí ìgbáròkó ń dà láàmú, kí wọ́n kọ iye wọn sílẹ̀ fún akọ̀wé ẹgbẹ́, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé yẹn la máa gbé lọ bá ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí a sì lè kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ilé ìyàgbẹ́ tí èèyàn lè jókòó sí ni, torí lílóṣòó sórí ṣáláńgá lójoojúmọ́ ń dá orúnkún tó ti jẹ lóró.

BÓ BÁ DÉ ORÍ IṢẸ́ ABẸ

Ẹ bi dókítà pé mélòó ló ti ṣe, èló ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú irin náà, ta ni yóò máa kọ́ yín bí ẹ ó ṣe tún rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ìdánrawò yẹn ṣe kókó bí iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí lè wọ ojú abẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí bí ẹnìkan sí méjì nínú 100, nítorí náà ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ kápá rẹ̀ kó tó wọ tíátà. Ìrora máa ń lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n nínú márùn-ún tó pààrọ̀ orúnkún, ẹnìkan lè máà ní ìtẹ́lọ́rùn tó bó ṣe retí.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ kì í fẹ́ kúnlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí ara wọn ò le lè jókòó kírun, ẹ̀sìn gbà wọ́n láyè. Ti ìkíni ló kù. Ìyàwó tó bá dúró kí ìyá ọkọ rẹ̀ nítorí orúnkún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní aláfojúdi. Orí tó tẹ̀ ba náà, ọ̀wọ̀ ni.

Ọjọ́ iwájú tí wọ́n ń ṣírò yìí, àwa náà la ń rìn lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí. Kí akọ̀wé ìlà kọ̀ọ̀kan mú iye tirẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ wa ò ní kọ̀ fún wa, ọjà á tà, a ó sì jèrè o. Àmín.